Ọdún kan gbáko tí mo fi lo Linux Mint ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sángo, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀, torí tí mi ò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ìdí tí mo fi ń yin Linux Mint yìí tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí mo fi rọ́pò Windows lórí ẹ̀rọ mi.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Sángo níbí, kò jìnnà sí géètì Poly. Táípù, fọtokọ́pì, prínǹtì, ká di próójẹ́ẹ̀tì, ká bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ wa ò ju ìyẹn lọ. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta la fi ń ṣe é, tòkunbọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì nínú wọn jẹ́ HP EliteBook 840 G3, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra tòkunbọ̀ ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, ó wà káàkiri, ó lágbára, kíbọọ̀dù ẹ̀ gba ìyà. Ẹnjiníà tó bá mi fi Windows sí wọn gba ₦5,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì bi í pé ṣé ojúlówó ni, ta ló ń bèèrè irú ẹ̀ ládùúgbò wa? Kíráàkì ni, ìyẹn ayédèrú tí wọ́n fi ń lo Windows láìsanwó ẹ̀. Kíráàkì yẹn sì ní òfin kan tí gbogbo àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀: kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ pa antivirus, ìyẹn ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ná. Wọ́n ní kó o ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó o tó lọ sùn nìyẹn o, o sì ṣe é.

Ìparí ọdún 2024 ló ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ HND fẹ́ lọ dìfẹ́ńdì. Mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tan ẹ̀rọ, gbogbo fáìlì tó wà nínú ẹ̀ ti yí orúkọ padà, kò sí ọ̀kan tó ṣí, ìwé kékeré kan wá wà lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù tó ní ká lọ san owó dọ́là ká tó lè rí wọn gbà. Próójẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Mẹ́jọ nínú àwọn tó ni wọ́n ní kọ́pì nínú fóònù tàbí nínú íméèlì, àwọn mẹ́ta ò ní. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, nígbà tí mo sọ fún un, kò pariwo, kò bú mi, ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní "Ọ̀gá, ojú ewé 68 ni o." Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìwé tí súpáfáísọ̀ ẹ̀ ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí lára. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la tún un tẹ̀ látorí ìwé yẹn, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fi mọ́, a ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Bírò pupa yẹn ṣì wà lójú mi dòní.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ohun tí mo lè fi sórí ẹ̀rọ tí mi ò fi ní í tún jí sí irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ní Sángo yìí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń lo Windows, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun yẹ gbogbo ẹ̀ wò kóun tó mú un. Òun ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n rà á. Òun ni wọ́n fi kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà níléèwé, tí tíṣà ń fi rúlà tọ́ka sí My Computer àti Recycle Bin. Òun ni ọ̀rẹ́ wọn mọ̀ ọ́n tún ṣe. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu ìdí yẹn o, ìdí gidi ni, torí ohun tí ọmọ àdúgbò ẹ lè bá ẹ tún ṣe ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí kọ́sítọ́mà dúró sí ẹ lórí, ó níye lórí gan-an. Èmi náà, Windows XP ni mo fi mọ kọ̀ǹpútà, mo lo Windows 7 títí Microsoft fi ní àwọn ò ṣe ìtọ́jú ẹ̀ mọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo bọ́ sórí Windows 10. Windows 10 dáa. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Àmọ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá sí i pé ọ́pdéètì ààbò ọ̀fẹ́ máa parí fún un, ó sì parí lóòótọ́. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan á ṣì máa rí i gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026, lẹ́yìn ìyẹn ó tán. Wọ́n ní ká bọ́ sórí Windows 11, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti dí fún àwa oní-tòkunbọ̀: Windows 11 tó jáde ní oṣù kẹwàá 2021 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kékeré kan tó ń wà lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ó sì ń béèrè Intel, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ìran kẹjọ sókè. 840 G3 mi, ìran kẹfà ni. Ẹ̀rọ tó ní RAM 8GB, tó ní SSD 256GB, tí nǹkan kan ò ṣe, tó ń jí láàárọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, òun ni wọ́n ní ó ti darúgbó yẹn.

Àwọn kan ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 wọlé tipátipá, Rufus, ètò kékeré kan tí wọ́n fi ń kọ Windows tàbí Linux sórí fláàṣì, máa ń bá wọn yọ àyẹ̀wò yẹn kúrò. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ síta pé ẹ̀rọ tí ò bá kún ojú òṣùwọ̀n, àwọn ò ṣèlérí ọ́pdéètì fún un, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ jẹun ò sì lè máa gbé orí ìlérí tí wọn ò ṣe.

Mac, kọ̀ǹpútà Apple, ńkọ́? Àwọn tó ń gé fídíò àtàwọn tó ń ṣe orin ò fẹ́ gbọ́ orúkọ òmíì. MacBook M1 tó jáde ní ìparí 2020, bátìrì ẹ̀ ń pẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ra MacBook tòkunbọ̀ tówó ẹ̀ ò wọ́n, ẹ fara balẹ̀, torí oní-Intel, èyí tí wọ́n ń ṣe kí M1 tó dé, ni wọ́n máa nà sí yín, Apple sì ti sọ ọ́ pé macOS 26 tí wọ́n ń pè ní Tahoe ló kẹ́yìn tó máa wọ Mac oní-Intel, kì í tún ṣe gbogbo oní-Intel ló gbà á. MacBook Air 2017 ò kọjá macOS Monterey tó jáde lọ́dún 2021. Ẹ máa fowó yín ra ohun tí mò ń sá fún gan-an.

Bí mo ṣe dé ìdí Linux Mint nìyẹn. Ìtàn ẹ̀ ò gùn: Linus Torvalds, ọmọ Finland tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì Helsinki nígbà yẹn, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, ó gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa bá a tún un ṣe. Ní 2004, Mark Shuttleworth tó jẹ́ ọmọ South Africa gbé Ubuntu jáde lórí ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà á rántí pé wọ́n máa ń fi CD ẹ̀ ránṣẹ́ sílé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró ní 2011. Inú Ubuntu ni wọ́n ti fa Mint yọ lọ́dún 2006, Clement Lefebvre ló dá a sílẹ̀. Àti pé Android tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fi ń ka ohun tí mò ń kọ yìí, Linux ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, torí náà ẹni tó bá ní òun ò lo Linux rí, màá kàn ní kó yọ fóònù ẹ̀ jáde.

Oríṣi Mint mẹ́ta ló wà, Cinnamon, MATE àti Xfce. Tí RAM yín bá kéré, ẹ mú Xfce. Èmi mú Cinnamon torí ó jọ Windows 7, mẹ́nù wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún, fódà rí bí fódà. Mi ò sọ nǹkan kan fún ọmọ iṣẹ́ mi, mo kàn ní kó jókòó sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ó prínǹtì wọn, ó tó bí wákàtí méjì kó tó bi mí pé "Ọ̀gá, Windows wo lẹ fi sí i yìí? Ó yá o." Ọjọ́ yẹn lọkàn mi balẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fi sí i: fáìlì tẹ́ ẹ máa dáńlóòdù fẹ́ẹ̀ tó 3GB, tẹ́ ẹ bá ní dátà òru ẹ lò ó. Ẹ wá fláàṣì 8GB, ẹ fi Rufus kọ ọ́ sí i. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè tan ẹ̀rọ látorí fláàṣì yẹn kẹ́ ẹ máa lo Mint láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ, ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ dán prínńtà wò, tí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn ẹ pa á, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà. Ìfisí fúnra ẹ̀ ò gbà mí tó ogún ìṣẹ́jú. Ibì kan wà tí wọ́n máa ti bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows àbí ẹ fẹ́ nu gbogbo ẹ̀ nù, ẹ má kánjú níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú, torí "Erase disk" ohun tó sọ ló máa ṣe. Ẹ ti kó gbogbo fáìlì yín sí háàdì míì kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ọ́pdéètì ẹ̀ ò ní wàhálà. Àmì kékeré kan á jáde nísàlẹ̀, á dúró dè ẹ́, ìgbà tó bá wù ẹ́ lo máa dá a lóhùn. Fún èmi tí mò ń ra dátà, tí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkígbà, òmìnira yẹn ṣe pàtàkì sí mi ju ẹwà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Mint 22.1 níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí 22.2 jáde ní oṣù kẹsàn-án mo bọ́ sórí ẹ̀ láàárín ìgbà tí mo lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n sì ti ní àwọn á máa tọ́jú gbogbo ìdílé 22 yìí títí di 2029. Timeshift tún wà nínú ẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀ẹ́ dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà lánàá tàbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ tàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fi dọ̀la.

Ibi tí Mint ti gbà mí jù ni ọ̀rọ̀ fláàṣì. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ wa mọ̀ pé fláàṣì sítúdẹ́ǹtì ò sí ibi tí ò tíì dé. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí gbogbo wa mọ̀, ti shortcut yẹn: o fi fláàṣì sẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo fódà ti di shortcut, o tẹ ọ̀kan, ó ti wọ ẹ̀rọ lọ, fláàṣì tó bá tẹ̀lé e á tún gbé e lọ sílé. Kì í pa fáìlì rẹ́ o, ṣe ló máa ń fi wọ́n pamọ́ tá á wá gbé èké síwájú wọn. Ṣé ẹ rántí bá a ṣe máa ń kọ attrib -h -r -s /s /d sínú CMD, ojú dúdú tá a ti ń kọ àṣẹ sí Windows, bí ẹni ń pe ọfọ̀? Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ Mint, ọmọkùnrin kan sáré wọlé, òógùn ti bò ó, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo lọ prínǹtì níbì kan, gbogbo nǹkan mi ti lọ." Mo ki fláàṣì ẹ̀ bọ ẹ̀rọ. Gbogbo nǹkan wà ní gbangba: àwọn shortcut tí orúkọ wọn ń parí sí .lnk, fáìlì .vbs kan tó ń fa gbogbo wàhálà, àti àwọn fódà ẹ̀ gan-an, torí ìfarapamọ́ tí Windows ń bọ̀wọ̀ fún lórí fláàṣì yẹn, Linux ò kà á sí, ó kó gbogbo wọn síta. Fáìlì .vbs yẹn náà ò lè ta pútú, kò gbọ́ èdè ilé tó wọ̀. Mo pa àwọn .lnk àti .vbs yẹn rẹ́, mo ṣí Chapter Three fún un, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Ẹ ò rí ojú ọmọ náà. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, mo ní ó tó, dìde, lọ wá ₦100 fún ìwé méjì tó o fẹ́ prínǹtì.

Èyí ò wá ní kí n sọ fún yín pé Linux ò lè ní àrùn o. Ó lè ní. Fáírọ́ọ̀sì tí ò lè ṣe ẹ̀rọ mi ní nǹkan náà, tí mo bá kó o mọ́ fáìlì fún ẹlòmíì, èmi ni mo gbé e fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ fláàṣì mọ́ ká tó dá a padà. Kò sì sí ètò ẹ̀rọ, bóyá Windows tàbí Linux, tó lè rọ́pò kọ́pì: lẹ́yìn bírò pupa yẹn, kò sí próójẹ́ẹ̀tì tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi tí a ò tíì fi ránṣẹ́ sí íméèlì ẹni tó ni ín, a máa ń dúró títí á fi ṣí i lórí fóònù ẹ̀ lójú wa. Alaalẹ́ ni mo tún ń kó gbogbo ẹ̀ sí háàdì tí mò ń gbé lọ sílé. Fún àwọn tí ò fẹ́ mú fláàṣì wá rárá, Warpinator wà lórí Mint, ó ní ti Android náà, fáìlì á gba orí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù wọlé láìjẹ dátà.

Ó wá ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò díẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún yín.

Microsoft Office ò wọ Linux, LibreOffice tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ló bá Mint wá. Lẹ́tà, CV, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, kò sí ìṣòro. Próójẹ́ẹ̀tì ló máa dán èèyàn wò. Ọ̀kan dé báyìí, ojú ewé 74 ni lórí ẹ̀rọ ọmọ tó ni ín, nígbà tí mo ṣí i ó di 77, table of contents ní Chapter Four bẹ̀rẹ̀ ní ojú ewé 41, èmi ń rí i ní 43. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí súpáfáísọ̀ máa ṣe tó bá rí ìyẹn. Mo wádìí ẹ̀ títí, fọ́ǹtì ni, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe rí. Times New Roman ò sí lórí Mint, Liberation Serif ló máa ń dípò ẹ̀, ìyẹn ò burú, torí wọ́n ṣe ìbú lẹ́tà méjèèjì dọ́gba, ìlà kì í yẹ̀. Àmọ́ ọmọ yìí ti fi fọ́ǹtì míì tí ẹ̀rọ mi ò ní kọ gbogbo àkọlé àti téébù ẹ̀, ìyẹn ló ti ìwé lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ojú ewé mẹ́ta. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ sí Software Manager, níbi tí Mint ti ń gba ètò tuntun, mo wá ttf-mscorefonts-installer, ó gbé Times New Roman àti Arial gidi wọlé. Fún Calibri àti Cambria, Carlito àti Caladea ló bá wọn dọ́gba ní ìbú. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n mú PDF tẹ̀lé docx, PDF ni mo ń prínǹtì, docx ni mo ń tún ṣe. OnlyOffice náà wà, lójú tèmi òun ló ń gbé docx jọ ti Word jù, mo ti fi sí ẹ̀rọ kejì.

Prínńtà: èyí tó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa, HP LaserJet P1102, máa béèrè plugin kan, ìyẹn àfikún ètò, kó tó tẹ̀wé, ẹ kọ hp-setup sínú terminal, ibi tá a ti ń kọ àṣẹ sí Linux, ẹ tẹ̀lé ohun tó bá sọ, íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ lásìkò yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ṣe é.

CorelDRAW, tí àwọn atẹ̀wé fi ń ya àwòrán, ni òkè tí ò ṣeé gùn. Wọ́n ṣe ti Linux nígbà kan rí, ní 2000, wọ́n pa á tì. Inkscape dáa, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ máa gbádùn ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáìlì .cdr, ìyẹn ti CorelDRAW, ogún ọdún nílẹ̀ ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, tí kálẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìyàwó kún inú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ẹ dúró lórí Windows. Photoshop náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù EA FC náà, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù mi kẹta fi wà lórí Windows 11, Dell Latitude 7490 ni, ìran kẹjọ, ojúlówó Windows ló wà lórí ẹ̀. Ẹ wò ó, ohun kan tí mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń san ₦5,000 ₦5,000 yẹn: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ló ti ní nọ́ńbà Windows tiwọn nínú bọ́ọ̀dù látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Tẹ́ ẹ bá lọ gba Windows lójú ìkànnì Microsoft fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi irú èyí tó bá a wá sí i, bíi Pro fún Pro, ó máa ń dá ara ẹ̀ mọ̀ tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dán ìyẹn wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kíráàkì.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Yorùbá kíkọ, torí ó wọ̀ mí lára. A máa ń tẹ prógíráàmù ìsìnkú àti ìwé orin ìjọ, kò sì sí ohun tó ń dùn mí bíi kí n rí orúkọ òkú tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìwé láìsí àmì kankan lórí ẹ̀, kéèyàn má mọ̀ bóyá Ọlá ni àbí Ọ̀la. Windows náà ní kíbọọ̀dù Yorùbá, mi ò ní purọ́. Ti Mint wà nínú Keyboard, lábẹ́ Layouts, Yorùbá, Igbo àti Hausa wà níbẹ̀ ti Nàìjíríà, ẹ ò ní dáńlóòdù nǹkan kan. Èmi yan Compose, ìyẹn bọ́tìnnì kan tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà, mo sọ Alt ọwọ́ ọ̀tún di i: mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àmì ìyanu (!), mo tẹ lẹ́tà e, ó di ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà o ṣe ń di ọ, tí s ń di ṣ. Tẹ́ ẹ bá fi àpósítírófì dípò àmì ìyanu, lẹ́tà a máa di á. Èyí tó gba sùúrù ni lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní lókè, torí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀, ńṣe lèèyàn máa kọ ẹ kó tó gbé ohùn lé e. Nínú LibreOffice mo máa ń kọ ẹ, màá kọ 0301 tẹ̀lé e, màá tẹ Alt àti X pọ̀, nọ́ńbà yẹn á pòórá, àmì ohùn òkè á bọ́ sórí ẹ̀ ṣánṣán. 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò léraléra, mo ti kó wọn sínú AutoCorrect, tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ti tẹ olorun, Ọlọ́run ló máa jáde.

Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀lé mi ṣe é ni Mọ́mì kan tó ti ṣe hẹ́dìmísìrẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Láptọ́ọ̀pù wọn ti ń lọ́ra débi pé wọ́n á tan án kí wọ́n tó lọ gbé omi kaná. Wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣé nǹkan tó ò ń wí yìí ò ní máa gba owó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù ṣá?" Mo ní rárá mà, ẹ ò ní san nǹkan kan. Wọ́n ní "Ọ̀fẹ́ ọ̀fẹ́ yìí, kí ni wọ́n wá ń jẹ?" Mo ní mà, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ló ń dáwó fún wọn, àwọn iléeṣẹ́ kan náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n rò ó, wọ́n ní ó dà bí ìjọ nìyẹn. Xfce ni mo fi sí tiwọn, RAM 4GB péré ló ní. Wọ́n ń fi Google Meet rí ọmọọmọ wọn ní Manchester lọ́jọ́ Àìkú, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bá mi jà lé lórí ni pé solitaire tí wọ́n mọ̀ ò sí níbẹ̀. Mo wá Aisleriot fún wọn nínú Software Manager, ìjà parí.

Ẹni tó bá ń táípù, tó ń wo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣe ìwé owó ọjà ẹ̀, tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11, Mint ni kó lọ fi sí i, mo fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tí Corel tàbí Adobe ń bọ́, kó má dán an wò lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní. Sítúdẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi Word gidi fún níṣẹ́, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows ná, kó má nù ún.

ISO 22.2, ìyẹn fáìlì Mint tá a ń kọ sórí fláàṣì, wà lórí háàdì mi ní ṣọ́ọ̀bù, ti Cinnamon àti ti Xfce. Ẹni tó bá wà nítòsí Sángo kó mú fláàṣì 8GB tó ṣófo wá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí èrò bá ti dín, a máa kọ ọ́ sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Fláàṣì tó bá ní shortcut nínú, ẹ má tijú, a máa kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.